Hiram Percy Maxim: Ọmọ ẹni tó ṣe ìbọn Ìmàgbọ̀n ló kó àwọn oníredíò aládàáni jọ

Ìtàn ogun Ìmàgbọ̀n kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Ní ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 1892, àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú dúró lẹ́bàá odò Yemoji láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Gómìnà Gilbert Carter rán jáde láti Èkó, tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott sì jẹ́ olórí wọn. Àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ ju àwọn tó wá bá wọn jà lọ fíìfíì, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìbọn kan wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, kò ní dákẹ́ àfi bí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó lè yọ tó 600 ọta ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Ìjẹ̀bú-Òde ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tí àwọn Ìjẹ̀bú ti dí mọ́ àwọn àjèjì láti ọjọ́ pípẹ́ sì ti là. Maxim ni wọ́n ń pe ìbọn náà, nítorí Hiram Stevens Maxim ni orúkọ ẹni tó ṣe é.

Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí ni ìtàn ọmọkùnrin tí ẹni náà bí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fún un, Hiram, wọ́n sì fi Percy kún un, Percy yìí náà sì ni àwọn ará ilé mọ̀ ọ́n sí. Níbi gbogbo lágbàáyé tí a bá ti rí àwọn tí wọ́n ń fi redíò ara wọn ránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, tí wọ́n sì máa ń dìde nígbà tí omíyalé, ìjì tàbí ìmìtìtì ilẹ̀ bá já gbogbo wáyà, orúkọ ọmọ yìí ni wọ́n ń dá. Àwọn òyìnbó ń pe irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ní amateur, tàbí ham. Oníredíò aládàáni ni a ó máa pè wọ́n nínú ìtàn yìí, nítorí kì í ṣe ìjọba ló gbà wọ́n síṣẹ́, kì í sì í ṣe ọjà ni wọ́n ń tà lórí afẹ́fẹ́.

Brooklyn, ní New York, ni wọ́n ti bí Percy Maxim ní ọjọ́ 2, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1869. Jane Budden ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kì í sinmi, ó ń ṣe iná mànàmáná, ó ń ṣe ẹ̀rọ, ó ń fi ọ̀rọ̀ dá àwọn ọmọ lára yá, ó sì ń dẹ́rù bà wọ́n nígbà mìíràn. Ní 1881, nígbà tí Percy ń lọ sí ọmọ ọdún 12, iṣẹ́ gbé bàbá yìí lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù. Kò padà wá sọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Ó jókòó sí London, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ní 1884 ó ṣe ìbọn tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1901. Ìyá ló tọ́ Percy àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjèèjì, Florence àti Adelaide, dàgbà.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún lè kórìíra orúkọ náà títí ayé. Percy kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ìwé kan nípa bàbá rẹ̀, ẹ̀rín ló sì pọ̀jù nínú rẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1936, wọ́n sì fi ṣe fíìmù ní 1946. Bí mo ti rí i, ìwà ọkùnrin náà fara hàn níbẹ̀ ju ibikíbi lọ: kì í pa ọ̀nà tó wà láàárín ènìyàn méjì dé, bó ti wù kí ó jìn tó.

Orí rẹ̀ pé. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ ní MIT, ní Boston, ní 1886. Ó ṣe iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníná mànàmáná, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ọta ìbọn ńlá ní Lynn, ní Massachusetts. Ibẹ̀ ló wà ní 1892, ọdún tí ìbọn bàbá rẹ̀ tú àwọn Ìjẹ̀bú ká, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ó yẹ kí kẹ̀kẹ́ lè dá rìn láìsí pé ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wà á. Kò mọ̀ pé àwọn ará Jámánì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú òun. Epo bẹntiróòlù díẹ̀ ló rà, ó kán an sínú àgbá ọta tó ti ṣófo, ó ṣá ìṣáná sí i láti mọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Ohùn tó gbọ́ kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Nígbà tó di 1895, ilé iṣẹ́ Pope tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ní ìlú Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, gbà á kí ó máa bá wọn ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Hartford yìí ló di ìlú rẹ̀ títí tó fi kú. Ní oṣù kejìlá, 1898, ó fẹ́ Josephine Hamilton, ọmọ ẹni tó ti ṣe gómìnà Maryland rí. Wọ́n bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan, obìnrin náà ló sì wá di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin olùdìbò ní Amẹ́ríkà láti 1950 sí 1958.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí. Ariwo ìbọn tí bàbá ń ṣe ló di í létí. Ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀, ní 1909, gba ìwé àṣẹ fún ohun èlò tí wọ́n ń fi sí ẹnu ìbọn kí ariwo rẹ̀ má baà jáde. Sáílẹ́ńsà ni. Ọgbọ́n kan náà ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá lò fún ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí náà, mẹkáníìkì tó ń jó sáílẹ́ńsà ọkọ̀ pọ̀ ní ìkòríta Ore lónìí ń bá ìdílé yìí ṣe pọ̀, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Nísinsìnyí kí a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ redíò. Nígbà tí redíò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà pè é, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ sí ni, a kò sì lè dá a lóhùn. Orúkọ náà bá irú redíò tí a mọ̀ mu. Ṣùgbọ́n redíò tí Percy Maxim fẹ́ràn kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì rárá: ó ń sọ, ó sì ń gbèsì. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ní ẹ̀rọ tó fi ń ránṣẹ́ àti èyí tó fi ń gbọ́, ó ta wáyà sókè láàárín igi méjì tàbí lórí òpó, ó ń fi àmì Morse, gígùn àti kúkúrú, bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Nǹkan bíi 1910 ni òun àti ọmọkùnrin rẹ̀, Hamilton, bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣeré nínú ilé. Bàbá ti lé ní ẹni 40 ọdún nígbà náà, ó jẹ́ ọlọ́lá àti oníléeṣẹ́. Àwọn tó wà lórí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilé ìwé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ìjọba kò ka irú àwọn wọ̀nyí sí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Titanic rì ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, ọdún 1912, tí èèyàn tó lé ní 1,500 sì kú, redíò inú ọkọ̀ náà ló pe ọkọ̀ Carpathia wá kó àwọn tó kù. Gbogbo ayé ló rí i lọ́jọ́ náà pé redíò lè gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé ariwo pọ̀ jù lórí afẹ́fẹ́, wọ́n sì da púpọ̀ nínú ẹ̀bi rẹ̀ lé àwọn aládàáni lórí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà ṣe òfin. Wọ́n ní kí gbogbo aládàáni gba ìwé àṣẹ, kí agbára ẹ̀rọ wọn má kọjá kílówáàtì kan, kí wọ́n sì bọ́ sórí ìgbì tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà 200 lọ. Ìgbàgbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nígbà náà ni pé ìgbì tó bá kúrú báyìí kò lè rìn jìnnà. Bí ẹni fún ọmọ ní ilẹ̀ àkùrọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni.

Ní oṣù kẹrin, 1914, Maxim ń wá irú gílóòbù redíò kan tí wọ́n ń pè ní audion, ó sì gbọ́ pé ẹnì kan ní Springfield fẹ́ ta ọ̀kan. Láti Hartford sí Springfield kò ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ. Ẹ̀rọ kílówáàtì kan ló wà nílé Maxim, ọ̀kan nínú èyí tó lágbára jù lọ ládùúgbò náà, síbẹ̀ ó pe Springfield títí lálẹ́ ọjọ́ náà, kò rí i bá sọ̀rọ̀. Ó wá rántí pé òun mọ ẹnì kan ní Windsor Locks, tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Ó pe ẹni yẹn, ó fún un ní iṣẹ́ náà, ẹni yẹn sì jẹ́ ẹ fún ará Springfield.

Lójú tiwa, kí ni tuntun níbẹ̀? Àwọn baba wa ti ń fi àrokò ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, onílù abúlé kan sì lè sọ ohun tó gbọ́ fún èkejì. Ohun tuntun ni ohun tí Maxim ṣe lẹ́yìn náà. Ó jókòó, ó sì rò ó pé bí iṣẹ́ kan bá lè ti ọwọ́ ẹnì kan kọjá, ó lè ti ọwọ́ ọgọ́rùn-ún kọjá, bí a bá sáà ti mọ ẹni tó wà níbi kọ̀ọ̀kan, wákàtí tó máa ń wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹgbẹ́ oníredíò Hartford tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún náà. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Clarence Tuska, tí kò tí ì pé ọmọ 18 nígbà náà, fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo oníredíò tí wọ́n gbúròó. Báyìí ni American Radio Relay League, tí a mọ̀ sí ARRL, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, 1914. Ìwé ìròyìn wọn, QST, jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù kejìlá, 1915.

Ìṣẹ́ náà ní ìlànà, ìlànà yìí ló sì sọ eré di iṣẹ́. Bí a bá ń ránṣẹ́, a ó kọ nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó ti wá, ọjọ́ rẹ̀, àti iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbà á yóò ka iye ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá sọ pé ọ̀rọ̀ 15 ni, tó sì rí 14, ó mọ̀ pé ohun kan ti sọ nù lọ́nà, yóò béèrè kó tó tàtaré rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un, kò gbọdọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba owó. Ẹni tó bá ti rí bí ìròyìn jàǹbá ọkọ̀ kan ṣe máa ń di mẹ́ta kó tó ti Ore dé Oǹdó yóò mọ ìwúlò ìlànà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 1916, wọ́n fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ kárí Amẹ́ríkà sí àwọn gómìnà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ kan ti New York dé Los Angeles, èsì rẹ̀ sì padà dé láàárín nǹkan bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú.

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí ni ogun dé. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, ọdún 1917, Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kìíní, ìjọba sì pàṣẹ pé kí gbogbo aládàáni tú wáyà wọn palẹ̀. Àṣẹ náà mú èyí tó ń ránṣẹ́ àti èyí tó kàn ń gbọ́. Nǹkan bíi 4,000 nínú wọn wọṣẹ́ ológun, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ Morse nínú yàrá ìyá wọn kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀ mọ́. Ogun parí ní oṣù kọkànlá, 1918. Ẹgbẹ́ Maxim ti fọ́n ká, kò sówó nínú àpò rẹ̀, ìwé ìròyìn ti dáwọ́ dúró.

Ìgbà yìí ni mo kà sí èyí tó le jù nínú ayé rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ti gba gbogbo redíò ilẹ̀ náà sọ́wọ́ nígbà ogun, wọn kò sì fẹ́ dá a padà. Wọ́n gbé àbá òfin kan dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, èyí tí ì bá fi gbogbo ojú òfuurufú sábẹ́ wọn. Bí àbá náà bá di òfin, ọ̀rọ̀ oníredíò aládàáni ti parí nìyẹn. Maxim gba Washington lọ láti rojọ́ níwájú àwọn aṣòfin. Ó tún kọ̀wé sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ilé wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ṣì wà lójú ogun tàbí nínú ọkọ̀ ojú omi, pé kí àwọn òbí wọn kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò wọn. Àwọn bàbá àti ìyá tí kò mọ àmì Morse kan ṣoṣo kọ̀wé. Lẹ́tà náà rọ́ dé Washington bí òjò oṣù kẹfà. Àwọn aṣòfin gbé àbá náà tì.

Síbẹ̀ wọn kò tí ì gba àṣẹ láti sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹrin, 1919, wọ́n gbà wọ́n láyè láti máa gbọ́; ó di oṣù kẹwàá ọdún náà kí wọ́n tó lè ránṣẹ́. Láàárín ìgbà náà, ẹgbẹ́ yá owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn láti ra ìwé ìròyìn QST lọ́wọ́ Tuska, wọ́n sì gba akọ̀wé tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká kíyè sí i pé kì í ṣe àpò Maxim nìkan ni wọ́n gbára lé, bẹ́ẹ̀ olówó ni. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ ti ẹnì kan máa ń bá ẹni náà wọ ibojì.

Ilẹ̀ àkùrọ̀ tí ìjọba fi ta wọ́n lọ́rẹ wá so ju oko olówó lọ. Ní oṣù kejìlá, 1921, ARRL rán Paul Godley lọ sí Ardrossan, ní etíkun Scotland, ó pa àgọ́ sínú òtútù àti òjò, ó sì gbọ́ àwọn aládàáni Amẹ́ríkà láti òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì. Ní oṣù kọkànlá, 1923, Fred Schnell àti John Reinartz ní Connecticut bá Léon Deloy ní Nice, ní ilẹ̀ Faransé, sọ̀rọ̀, ó sì dá wọn lóhùn, lórí ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 110. Ìgbì kúkúrú tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní kò wúlò ni. Irú ìgbì kúkúrú yìí kan náà ni àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ BBC láti London lóko kòkó, tí wọ́n á gbé redíò sórí àga, tí wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni: ó ń gòkè lọ sí òfuurufú lọ́hùn-ún, ó kan ìpele kan níbẹ̀ tó dà á padà sílẹ̀, bí bọ́ọ̀lù tó kan àjà. Nítorí náà, kò nílò òpó lójú ọ̀nà.

Ní 1925, ní Paris, àwọn aládàáni láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀, Maxim ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ. Ipò yìí àti ti ARRL wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú. Nígbà náà, ìwé ìròyìn QST ní òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Bàbá Àgbà. Òǹkọ̀wé náà bínú sí gbogbo ohun tí kò dára lórí afẹ́fẹ́: àwọn tó ń dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, àwọn tó ń pe orúkọ ara wọn láìdákẹ́, àwọn tí Morse wọn rí játijàti. Ó tilẹ̀ fi igi kan tó rí wọ́gọwọ̀gọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, ó ní òun ni kí wọ́n máa fi jẹ àwọn arúfin níyà, wọ́n sì gbé e kọ́ ògiri. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún ìwà wọn ṣe. Lẹ́yìn ikú Maxim ni wọ́n tó wá tú àṣírí rẹ̀ pé ààrẹ fúnra rẹ̀ ni Bàbá Àgbà náà.

Iṣẹ́ ìgbà ìpọ́njú ló mú kí ayé gba àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, 1928, ìjì ńlá kan jà ní Florida, adágún Okeechobee ya lu àwọn abúlé, èèyàn tó kú kò dín ní 2,500. Gbogbo wáyà tẹlifóònù àti tẹligíráàmù West Palm Beach ló já. Àwọn aládàáni méjì ló fi bátìrì ránṣẹ́ jáde nínú ìlú náà. Irú nǹkan báyìí ló mú kí ẹgbẹ́ náà rí i pé ìfẹ́ nìkan kò tó, ó yẹ kí ènìyàn ti múra kí ọjọ́ ibi tó dé. Láti 1933 ni wọ́n ti ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ní oṣù kẹfà, tí wọ́n á gbé ẹ̀rọ jáde lọ sínú pápá, tí wọ́n á máa fi bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ bí ẹni pé iná ìlú ti kú. Lọ́dọ̀ wa níbí, kò sẹ́ni tó nílò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti mọ bí iná ṣe ń kú. Ní 1935, wọ́n dá ẹ̀ka pàjáwìrì sílẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ní ẹ̀rọ, ẹni tó ní bátìrì, àti ẹni tó lè jáde lóru.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà ní Ore, Odigbo àti Omifunfun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ore ni ìkòríta ọ̀nà Èkó sí Benin, ibẹ̀ ni a ti ń yà lọ sí Oǹdó, ibẹ̀ ni a ti ń yà lọ sí Òkìtìpupa, ibẹ̀ náà sì ni ogun abẹ́lé ti gbóná ní 1967, tó sọ orúkọ ìlú náà di àṣà lẹ́nu gbogbo ọmọ Yorùbá. Ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá ni, ibẹ̀ sì ni jàǹbá máa ń pọ̀ sí. Láti 2001 tí GSM ti dé, gbogbo wa ti gbé ọ̀rọ̀ ẹnu wa lé òpó ìbánisọ̀rọ̀ lórí. Òpó náà ń jẹ dísù, bí dísù bá tán, ó dákẹ́. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dà rú ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan ọ̀pọ̀ báǹkì. Kò sí ogun lọ́jọ́ náà, kò sí omíyalé.

Ohun tí oníredíò aládàáni nílò láti bá Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀ láti abúlé kan nínú igbó Odigbo kò pọ̀: ẹ̀rọ tó tó àpótí bàtà, bátìrì ọkọ̀ oní-12 fóòtì, àti wáyà bí ogún mítà tí a ta láàárín igi kòkó méjì, tí kò ga púpọ̀, kí ìgbì lè lọ sókè tààrà kó sì padà sórí agbègbè náà. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ìgbì mítà 40 ló dára, bí ilẹ̀ bá ṣú, mítà 80. Ìwé àṣẹ pọn dandan, NCC ló ń fúnni, orúkọ ìpè tiwa sì máa ń fi 5N bẹ̀rẹ̀. A ní ẹgbẹ́, Nigeria Amateur Radio Society, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àgbáyé tí Maxim jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Lójú tèmi, ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ore, kò nílò owó ńlá láti ní ọ̀kan. Ọ̀dọ́ méjì tó fẹ́ràn ẹ̀rọ, tó sì lè ka ọ̀rọ̀ 15 láìsọ ọ́ di 14, ló ṣòro jù láti rí.

Àwọn nǹkan mìíràn tún gba ọkàn Maxim lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ya fíìmù sílẹ̀ ní 1926, ó sì fẹ́ràn láti máa wo ìràwọ̀. Ní oṣù kejì, 1936, ó wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lọ sí California, ó sì ń gbèrò láti dé ilé awòràwọ̀ Lick. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lọ́nà. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ ní La Junta, ìlú kékeré kan ní Colorado, níbẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 17, oṣù kejì, ọdún 1936, ní ẹni ọdún 66. Wọ́n sin ín sí Hagerstown, ní Maryland, ìlú ìyàwó rẹ̀.

Oṣù kan géérégé lẹ́yìn náà, yìnyín yọ́, òjò rọ̀, àwọn odò ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà kún àkúnya irú èyí tí wọn kò rí rí. Odò Connecticut wọ Hartford fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ka pàjáwìrì tí Maxim fi sílẹ̀ ń ránṣẹ́ lọ́sàn-án lóru káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ tí omi náà dé. Omi náà bo ilé ẹ̀rọ ARRL tó wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Brainard, ó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ tó ga ní Newington, ìlú tó múlé gbe Hartford, wọ́n sì ṣí i ní 1938. Ìjọba gbà wọ́n láyè láti yọ orúkọ ìpè olóògbé náà, W1AW, kúrò nínú ìwé àwọn òkú, kí wọ́n sì fi í fún ilé tuntun náà. Ilé ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ó ń fi Morse àti ohùn ránṣẹ́ lórí ìgbì kúkúrú, ẹni tó bá sì ní redíò tó dáa pẹ̀lú wáyà gígùn lè gbọ́ ọ lálẹ́, bí ojú òfuurufú bá gbà.